Sítáǹpù ilé olódi Gẹ̀ẹ́sì: èyí tó yẹ ní rírà, àti èyí tó ń jẹ owó olówó

Àwòrán mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó wọn pé máa ra sítáǹpù mọ́kànlélógún. Ibẹ̀ ni adùn wọn wà, ibẹ̀ náà sì ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fara balẹ̀.

Sítáǹpù owó ńlá tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tà láti 1955 là ń sọ, títí di Oṣù Kẹta 1969 tí àwọn tó ní orí Ọbabìnrin nìkan fi gbapò wọn. Kì í ṣe sítáǹpù ìrántí, èyí tí wọ́n máa ń tà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó kó o kúrò ńlẹ̀. Ojoojúmọ́ ló wà lórí káńtà, fún ẹrù tó wúwo àti lẹ́tà rẹ́jísítà. Ilé olódi mẹ́rin ni wọ́n yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan ìjọba náà: Carrickfergus ní Northern Ireland wà lórí ṣílè méjì àti sísì, Caernarfon ní Wales wà lórí ṣílè márùn-ún, Edinburgh ní Scotland wà lórí ṣílè mẹ́wàá, Windsor ní England wà lórí pọ́n-ùn kan. (Ẹni tó bá ti ná owó kí náírà tó dé ní 1973 ò nílò àlàyé: kọ́bọ̀ mẹ́fà ni sísì, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn.) Lynton Lamb ló ṣètò àwòrán náà; fọ́tò Ọbabìnrin Elizabeth tí Dorothy Wilding yà ni wọ́n fi sí i. Ẹ má wá orúkọ orílẹ̀-èdè lára rẹ̀. Sítáǹpù Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ orúkọ ìlú; orí ọba ni orúkọ wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ yẹ ká yìn. Wọ́n fín àwòrán náà sínú irin bí a ṣe ń fín igbá, wọ́n fi yíńkì kún inú ojú fífín, wọ́n sì tẹ bébà mọ́ ọn títí yíńkì fi bá bébà jáde. Ìdí nìyí tí yíńkì fi wú díẹ̀ lójú sítáǹpù. Ẹ fi orí ìka kan ojú ẹyọ kan tí wọ́n ti lò, ẹ rọra fà á kọjá, ẹ ó mọ̀ pé kò dán bí ti sítáǹpù kọ́bọ̀ kéékèèké ìgbà kan náà, tí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn tẹ̀. Lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìlà gidi lẹ máa rí: òkúta ògiri Windsor, òjìji abẹ́ òkè Edinburgh, ìlà tíntìn-tín lójú Ọbabìnrin. Bó bá jẹ́ àmì tó-tò-tó lẹ rí dípò ìlà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, àdàkọ ni.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣílè mẹ́wàá ló rẹwà jù. Àwọ̀ búlúù yẹn bá òkè àti ilé mu gan-an. Pọ́n-ùn kan dúdú, ó sì níyì, ṣùgbọ́n yíńkì dúdú náà máa ń bo iṣẹ́ fífín mọ́lẹ̀, ó sì tún máa ń fi wọ́tàmáàkì pamọ́, a ó sì dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Báwo ni mẹ́rin ṣe di mọ́kànlélógún? Ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta ló tẹ̀ wọ́n, bébà sì yí padà lọ́wọ́ wọn. Waterlow ló bẹ̀rẹ̀: pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá jáde ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án 1955, àwọn méjì yòókù tẹ̀lé wọn ní ọjọ́ 23. Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ De La Rue, tiwọn sì ń dé láàárín Oṣù Kẹrin àti Oṣù Keje 1958. Wọ́tàmáàkì kan náà ni àwọn méjèèjì lò, ìyẹn àmì tí wọ́n fi sínú bébà nígbà tí wọ́n ń ṣe é: adé, pẹ̀lú E, 2 àti R káàkiri. Ní Oṣù Kẹfà sí Oṣù Keje 1959, De La Rue kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo bébà tó jẹ́ adé nìkan ló kún inú rẹ̀, kò sí lẹ́tà mọ́. Bradbury Wilkinson gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1963, láti Oṣù Keje sí Oṣù Kọkànlá, wọ́n sì ń bá bébà aládé yẹn lọ. Níkẹyìn, wọ́n yọ wọ́tàmáàkì kúrò pátápátá: pọ́n-ùn kan ní ọjọ́ 4 Oṣù Kejìlá 1967, ṣílè márùn-ún àti mẹ́wàá ní Oṣù Kẹrin 1968, ṣílè méjì àti sísì ní Oṣù Keje ọdún náà. Ìyẹn jẹ́ mẹ́rin lọ́nà márùn-ún. Ẹyọ kọkànlélógún ni ṣílè méjì àti sísì ti Bradbury lórí bébà tí wọ́n fi ẹfun bò, tó jáde ní ọjọ́ 30 Oṣù Karùn-ún 1968. Ihò etí wọn, tí a ń kà ní iye tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà méjì, kò yí padà rárá: 11 lókè àti nísàlẹ̀, 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà òṣùwọ̀n ihò, tó máa ń yanjú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nínú sítáǹpù, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí.

Wọ́tàmáàkì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá àwo kékeré dúdú, gíláàsì tàbí tánganran. Ẹ fi ẹ̀mú sítáǹpù dojú sítáǹpù dé sínú rẹ̀, kí ẹ̀yìn wà lókè, kí ẹ kán epo láítà bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé e. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, adé máa hàn dúdú láàárín bébà. Ẹ tètè wò ó, torí epo náà máa ń fò lọ kíá. Kò ní í ba yíńkì fífín jẹ́, kò sì ní í yọ gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n iná ń gbà á: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹ má sì fi kẹrosíìnì rọ́pò rẹ̀, torí kẹrosíìnì máa ń fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀ tí kò ní í lọ mọ́. Omi lásán náà á fi wọ́tàmáàkì hàn lára èyí tí wọ́n ti lò, ṣùgbọ́n ó máa ba gọ́ọ̀mù tuntun jẹ́ ráúráú.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pọ́n-ùn kan. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan tí kò rí adé máa pariwo pé èyí tí kò ní wọ́tàmáàkì lòun rí, bẹ́ẹ̀ yíńkì dúdú ló bò ó. Ẹ wo etí tí yíńkì ò dé, ẹ gbé àwo náà yí sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Epo yìí tún ń tú àṣírí mìíràn. Ibi tí bébà ti fẹ́lẹ́ nítorí pé ẹnì kan fi agbára ya á kúrò lára àpò ìwé máa hàn dúdú gẹ́gẹ́ bí àbàwọ́n. Ibi tó ti ya tí wọ́n lẹ̀ padà máa hàn bí ìlà. Bí adé bá dorí kodò, ẹ tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn kan nínú àwọn aládé ní irú ẹ̀, owó wọn sì ju ti ìyókù lọ dáadáa.

Ti ẹfun ńkọ́? Àwọn àtijọ́ máa ń fi owó fàdákà fa ìlà sí etí sítáǹpù. Bó bá fi àmì dúdú sílẹ̀, ẹfun wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àmì náà kò ní í kúrò, ẹ ó kàn fi ọwọ́ ara yín sọ sítáǹpù tó dáa di aláàbàwọ́n. Ẹ gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyọ kan tí kò ní ẹfun lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́: ti ẹfun máa ń dán, ó sì máa ń funfun jù.

Ọ̀rọ̀ wá di ti Waterlow àti De La Rue 1958, tí wọ́tàmáàkì kan náà so pọ̀. Èyí ló ń jẹ owó jù, torí De La Rue oní-E2R ni ẹ̀yà tó wọ́n jù nínú gbogbo mọ́kànlélógún, àgàgà tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì lẹ nǹkan mọ́ lẹ́yìn. Waterlow kò pọ́n lójú tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá kọ "De La Rue" sí abẹ́ rẹ̀, owó fò sókè, ẹni tó ń rà sì máa fẹ́ gbà á gbọ́ torí kò sí òṣùwọ̀n tó lè fi já a nírọ́. Bébà De La Rue funfun ju ti Waterlow lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí àti òógùn ọwọ́ ti sọ ọ̀pọ̀ nínú méjèèjì di àwọ̀ kan náà. Ìmọ̀ràn wa kò lọ́jú pọ̀: ẹ má ra De La Rue oní-E2R lọ́wọ́ ẹni tí kò ní í dá owó yín padà, ẹ má sì rà á tuntun láìní ìwé ẹ̀rí, bíi ti ìgbìmọ̀ Royal Philatelic Society London, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ, bí owó rẹ̀ bá ti tó ohun tó ń dunni.

Ọ̀nà kan wà tó dájú ju ojú lọ, ọ̀fẹ́ sì ni: òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Èyí tó ní ọjọ́ 1955, 1956 tàbí 1957 lára kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn, Waterlow ni. Bí wọ́n bá ta èyí tó ní òǹtẹ̀ 1957 fún yín ní De La Rue, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe lò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Aládé, ìyẹn èyí tí kò ní lẹ́tà, kò lè ní ọjọ́ tó ṣáájú Oṣù Kẹfà 1959. Aláìní-wọ́tàmáàkì kò lè ṣáájú Oṣù Kejìlá 1967. Ẹ rántí pé apá kan ṣoṣo lọ̀nà yìí ń lọ. Òǹtẹ̀ 1960 kò sọ pé kì í ṣe Waterlow, torí àwọn èèyàn máa ń fi sítáǹpù pamọ́ sínú àpótí fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó lò ó.

Láàárín De La Rue aládé àti Bradbury, ojú lè ṣe é. Ti Bradbury mọ́ jù, ìlà fífín rẹ̀ jáde dáadáa; ẹ wo adé orí Ọbabìnrin lábẹ́ awò, ẹ fi ẹyọ kan tó dá yín lójú ṣe ìdíwọ̀n. Ti ṣílè márùn-ún, De La Rue pọ́n mọ́ ọsàn díẹ̀, Bradbury pọ́n gan-an. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́, pàápàá lójú fóònù: fọ́tò inú íntánẹ́ẹ̀tì máa ń yí pupa àti búlúù padà bó ṣe wù ú.

Nǹkan tí àwọn tó ń tà kì í sọ ni pé sítáǹpù yìí jìyà lẹ́nu iṣẹ́. Orí ẹrù ni ọ̀pọ̀ ti parí, òǹtẹ̀ róbótó ńlá tàbí èyí tó ń yí bí àgbá sì ti bo ilé olódi náà pátá. Irú bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Ẹyọ ṣílè méjì àti sísì ti Bradbury kò lè ra búrẹ́dì kan. Èyí tó ní òǹtẹ̀ róbótó kékeré, tí ọjọ́ rẹ̀ ṣeé kà, tí kò kan ojú Ọbabìnrin, ni kí ẹ wá. Ó ṣọ̀wọ́n ju bí kátálọ́ọ̀gì ṣe ń sọ lọ. Ẹ tún wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ihò wọ̀nyí tóbi, eyín tó kúrú ní igun pọ̀, ẹni tó bá sì ta á lórí fọ́tò máa ń gé igun náà kúrò nínú àwòrán.

Bí ẹ bá rí ilé olódi tí wọ́n tẹ RUPEES lé lórí, kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n lo ṣílè méjì àti sísì, márùn-ún àti mẹ́wàá ní Bahrain, Kuwait àti Qatar, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n tún tẹ 1857-1957 TANGIER lé wọn lórí fún ọgọ́rùn-ún ọdún ilé ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Tangier, ìlú kan ní Morocco. Ẹ̀ka mìíràn nìyẹn, ó sì ní ayédèrú tirẹ̀: ó rọrùn láti tẹ lẹ́tà lé sítáǹpù tí kò wọ́n ju láti fín irin lọ.

Ìran kejì jáde ní ọjọ́ 18 Oṣù Kẹwàá 1988. Ilé mẹ́rin kan náà ni, fọ́tò tí Andrew, tó jẹ́ Duke of York nígbà náà, yà ni wọ́n fín, Chris Matthews ló fín in, ilé ìtẹ̀wé Harrison tẹ̀ ẹ́. Carrickfergus jẹ́ pọ́n-ùn kan, àwọ̀ ewé. Caernarfon pọ́n-ùn kan àbọ̀, pupa ṣíṣú. Edinburgh pọ́n-ùn méjì, búlúù dúdú. Windsor pọ́n-ùn márùn-ún, àwọ̀ ilẹ̀. Ihò rẹ̀ 15 sí 14. Iṣẹ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀mí ti 1955. Fọ́tò ni wọ́n tẹ̀ lé tímọ́tímọ́. Ti Lamb, ẹni tó yà á ló pinnu ohun tó yẹ kí ojú wa rí.

Ní ọjọ́ 24 Oṣù Kẹta 1992, nítorí àwọn aṣayédèrú, wọ́n tún un fín. Orí Ọbabìnrin di góòlù, èyí tó ń di àwọ̀ ewé bí ẹ bá yí i, wọ́n sì lu ihò gígùn kan bí ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí i sábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí góòlù náà bá dúró sí góòlù, ẹ má rà á. Ọjọ́ 22 Oṣù Kẹjọ 1995 ni pọ́n-ùn mẹ́ta jáde, Carrickfergus ló tún wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí elése àlùkò. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Keje 1997, Enschedé ti ilẹ̀ Netherlands gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Harrison, àfi pọ́n-ùn kan tí wọn kò tẹ̀ mọ́.

Ìyàtọ̀ Harrison sí Enschedé kò nílò epo tàbí ìwé ẹ̀rí, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́. Ẹ fi awò wo C tó bẹ̀rẹ̀ CASTLE. Ti Harrison ní ìkọ́ lókè nìkan, ìrù rẹ̀ sì na sí ọ̀tún. Ti Enschedé kò ní ìkọ́ lókè, ìrù rẹ̀ sì dojú kọ òkè. Ẹni tó bá mọ èyí lè jókòó ti àpótí sítáǹpù olówó pọ́ọ́kú kan kí ó sì ṣà wọ́n láàárín wákàtí kan. Kò sí apá kankan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n sọ pé góòlù orí Ọbabìnrin kò jáde lára rẹ̀. Àṣìṣe gidi wà bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n a lè fi kẹ́míkà yọ góòlù kúrò. Láìsí ìwé ẹ̀rí, ẹ kà á sí èyí tó bàjẹ́.

Fún ẹni tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí Cotonou, ìpamọ́ ló le ju ríra lọ. Gọ́ọ̀mù 1955 máa ń fa ọ̀rinrin. Ní àsìkò òjò ó lè lẹ̀ mọ́ ojú ewé álíbọ́ọ̀mù tí kò sì ní í ṣí mọ́, tàbí kó ká bí ewé gbígbẹ nígbà ọyẹ́. Ẹ tọ́jú àwọn tuntun sínú àpò oníke tí wọ́n ṣe ní tààrà fún sítáǹpù, kì í ṣe ọ̀rá ọjà. Ọ̀rá PVC máa ń rọ, á sì jẹ yíńkì. Ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sínú àpótí náà, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Àmì pupa bí ìpáta tó bá yọ lójú bébà, ẹ yọ ẹyọ náà kúrò láàárín àwọn yòókù lọ́jọ́ náà gan-an. Fún ẹni tí ọ̀rinrin pọ̀ ní ilé rẹ̀, èyí tí wọ́n ti lò sàn ju tuntun: kò ní gọ́ọ̀mù tó máa dá wàhálà sílẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré.

Ti iye owó, kátálọ́ọ̀gì Stanley Gibbons ló ń fi nọ́ńbà sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ẹ nílò rẹ̀, kódà ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iye inú rẹ̀ kì í ṣe iye ọjà. Nínú gbàǹjo, ọ̀pọ̀ sítáǹpù yìí máa ń lọ ní ìdá kan nínú iye yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba iye kátálọ́ọ̀gì pátápátá lọ́wọ́ yín fún èyí tí eyín rẹ̀ kúrú kò mọ iṣẹ́, tàbí ó rò pé ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀ ọ́n.

Bébà kékeré tí wọ́n gbé jáde ní Oṣù Kẹta 2005 fún àádọ́ta ọdún àwọn ilé olódi náà wà, pẹ̀lú owó tuntun, 50 péńsì àti pọ́n-ùn kan. Ó dára fún ògiri. Kò kọ́ni ní nǹkan kan.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó ra mẹ́rin tí kò ní wọ́tàmáàkì ní tuntun, torí àwọn ló pọ̀ jù tí kò sì wọ́n, kó fi kọ́ ojú. Lẹ́yìn náà, mẹ́rin ti Bradbury aládé tí wọ́n ti lò, kó fi kọ́ epo. Kó tó náwó lórí ẹ̀ka De La Rue kankan, kó wá ṣílè mẹ́wàá kan tó ní òǹtẹ̀ 1956 tó mọ́, igun mẹ́rin pé, kó sì fi ìyẹn ṣe Waterlow tí yóò máa gbé àwọn yòókù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.